Wọ́n pe ọmọ mi sí ọjọ́ ìbí: kí ni ká mú dání?

Bàbá Àdùkẹ́, Leeds
Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ gbà mí lórí ọ̀rọ̀ kan. Oṣù kẹfà rèé tí a dé ìlú yìí. Àná ni Àdùkẹ́ (ọmọ ọdún mẹ́rin, Reception ló wà, kíláàsì àkọ́kọ́ níléèwé níbí) mú káàdì wálé. Ọmọkùnrin kan ní kíláàsì wọn fẹ́ pé ọdún márùn-ún, Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá sí méjìlá, níbi ìṣeré ọmọdé tí wọ́n ń pè ní soft play. Nílé, ẹni tó ń ṣọjọ́ ìbí ló ń gbé kéèkì àti kúlà ìrẹsì lọ síléèwé. Gbogbo kíláàsì á jẹ, wọ́n á gba bisikí àti ike wálé, ó parí. Èmi ò ra ẹ̀bùn fún ọmọ ọlọ́mọ rí. Èló ni wọ́n ń ná níbí? Ìyàwó mi ti rí mọ́tò ńlá kan tó ń kọrin, tó ń tanná, £35. Ọkàn mi ò lélẹ̀. Ẹ̀kejì, ṣé a lè mú àbúrò rẹ̀ dání? Ọmọ ọdún méjì ni.

Ìyá Ìbejì, Peckham
£35 kẹ̀! Bàbá Àdùkẹ́, ẹ bá mi bẹ ìyàwó yín kó fi mọ́tò yẹn sílẹ̀ níbi tó ti rí i. Ọgbọ̀n ọmọ ló lè wà ní kíláàsì kan. Tí ìdajì wọn bá pè yín lọ́dún yìí, ṣé ilẹ̀ bàbá yín lẹ fẹ́ tà ni? Ládùúgbò tiwa, bíi £10 là ń ná. Àwọn míì ń fi £5 sínú káàdì, kò sì sẹ́ni tó ń wo ojú wọn. Tí ẹ bá ná jù, ìyá ọmọ yẹn ni ẹ dá lóró, torí òun náà á máa wá ọ̀nà tó fi máa san án padà lọ́jọ́ tí Àdùkẹ́ bá ń ṣe tiẹ̀.

Ẹ fèsì káàdì náà lónìí, ẹ má dúró di Fúráìdè. Orí ọmọ ni ibi ìṣeré yẹn ń kà gba owó, bí wọ́n bá sì ka ogún, ogún náà ni wọ́n máa gbé oúnjẹ fún. Torí ẹ̀ ni ẹ ò fi lè kàn fa àbúrò lọ́wọ́ wọlé, bí a ṣe ń ṣe nílé. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ìyá ọmọ náà pé ṣé kò burú tí àbúrò bá tẹ̀ lé yín, pé ẹ máa san owó ìwọlé tiẹ̀ fúnra yín. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ń ní kó wá.

Nípa ẹ̀bùn, ẹ máa rí tábìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń ko bàtà sí. Ibẹ̀ lẹ máa gbé e sí. Wọn ò ní tú u lójú yín, ẹ má rò pé wọ́n kẹ́gàn yín. Ẹ kọ orúkọ Àdùkẹ́ sára rẹ̀ gbàgàdà. Ẹ sì ní kí ọlọ́jà fún yín ní rìsíìtì tí kò ní iye owó lára, tí wọ́n fi ń pààrọ̀ ẹ̀bùn. Ẹ ki í bọ inú káàdì.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Manchester
Ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ mọ́tò tó ń kọrin yẹn. Owó rẹ̀ kọ́ ló kàn mí, bátìrì inú rẹ̀ ni.

Wọ́ọ̀dù ọmọdé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ mọ bátìrì pẹlẹbẹ tó ń dán, tó dà bí bọ́tìnnì kóòtù? Tí ọmọ bá gbé e mì, tó sì há sí ọ̀nà ọ̀fun, itọ́ ọmọ náà á so iná inú rẹ̀ pọ̀, ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jó bí ìgbà tí èèyàn da ọṣẹ omi eérú sí egbò. Wákàtí méjì péré ti tó láti ba ọ̀fun jẹ́. Kò dìgbà tí bátìrì náà bá jò. Èyí tí kò lágbára mọ́ láti gbé iṣẹ́ ṣì lè ṣe é. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù ni pé ọmọ náà lè má ké. Ó lè kàn máa dà tọ́, kó máa wúkọ́, kó kọ oúnjẹ, kí ẹ máa rò pé òtútù ló mú un.

Nǹkan ìṣeré tó bófin mu, ẹnu ibi tí bátìrì wà á ní síkúrù, ọwọ́ lásán ò lè ṣí i. Ẹ gbé e dání ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ yí i padà, ẹ wò ó. Èyí tí wọ́n ń tà lórí àtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tàbí tí ẹ rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò ní orúkọ ẹni tó ṣe é, tí kò ní àdírẹ́sì, tí kò ní àmì UKCA tàbí CE tó ń sọ pé ó bá òfin ààbò mu, ẹ fi sílẹ̀. Káàdì ọjọ́ ìbí tó ń kọrin náà ńkọ́? Bátìrì kan náà ló wà nínú rẹ̀, bébà lásán ni wọ́n sì fi bò ó. Ọmọ mi àkọ́bí ti fa ọ̀kan ya lójú mi kí n tó dìde lórí àga.

Tí ẹ bá fura pé ọmọ gbé e mì, ilé ìwòsàn ní kíá, ẹ̀ka pàjáwìrì tí wọ́n ń pè ní A&E, tàbí kí ẹ pe 999. Ẹ má ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì. Ẹ má fún un ní oúnjẹ tàbí ohun mímu kankan. Ẹ̀yin ìyá wa, mo bẹ̀ yín, EPO PUPA KỌ́ o! Ẹ má rọ epo sí i lẹ́nu.

Bàbá Àdùkẹ́, Leeds
Áà, ẹ ṣé, ma. Ìyàwó mi ń kà á léjìká mi. Ó ní ká gbàgbé mọ́tò.

Màmá Houston
Ẹ kú iṣẹ́, Nọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá wà lọ́dọ̀ọ́ wa ní Amẹ́ríkà, ẹ fi nọ́ńbà Poison Control, àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ májèlé, sínú fóònù: 1-800-222-1222. Tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń gbé e, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń bá àwọn òbí wa jà lé lórí: ọjọ́ orí tí wọ́n kọ sára páálí. Èèyàn wa á rí "3+", á ní, "Ọmọ tèmi gbọ́n ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ, a ti lè fún un." Ọ̀rẹ́ mi, ta ló ń sọ̀rọ̀ ọgbọ́n? Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ọ̀fun ni. Ọmọ ọdún méjì tó lè ka ABD dé Y, ọ̀fun ọmọ ọdún méjì náà ló ní. Àmì ojú ọmọ tí wọ́n kọ 0-3 sí, tí wọ́n fa ìlà pupa kọjá lórí rẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé ohun kékeré wà níbẹ̀ tó lè há.

Òfin ìhín ní ohun èlò rọ̀bọ̀tọ̀ kan tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 31.7. Ohunkóhun tó bá wọ inú rẹ̀ tán, kò gbọ́dọ̀ sí nínú nǹkan ìṣeré ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ẹ̀yin ò ní in nílé, ṣùgbọ́n ẹ ní páálí àárín tíṣù ilé ìgbẹ́. Ó fẹ̀ jù ú lọ díẹ̀, ìyẹn sì dáa fún wa. Ohun tó bá já sí inú rẹ̀, kó kúrò lọ́wọ́ ọmọ kékeré.

Bàlúùnù náà ńkọ́, tí a máa ń so káàkiri ilé? Ìkìlọ̀ tó wà lára rẹ̀ níbí ni pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ lè fi èyí tó bẹ́ tàbí èyí tí wọn ò tíì fẹ́ há ara rẹ̀ lọ́fun. Tí páàtì bá parí, ẹ ṣa gbogbo awẹ́ rẹ̀ nílẹ̀.

Tíṣà Yorùbá, Birmingham
Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ohun tiwa? Ọpọ́n ayò! Ọmọ ọdún márùn-ún ti tó o. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò. Kò ní bátìrì, kò ní ariwo, ọmọ á sì mọ ìṣirò láìmọ̀ pé òun ń kọ́ ọ. Mo ti fi fún ọmọ òyìnbó méjì, bàbá ọ̀kan nínú wọn ló wá ń ta á ju ọmọ lọ.

Ìyá Ìbejì, Peckham
Tíṣà, ẹ̀bùn àgbà ni yẹn. Ọmọ ọdún márùn-ún, dáínásọ̀ ló fẹ́ 😂

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Manchester
Ọpọ́n ayò dáa, Tíṣà. Ṣùgbọ́n ọmọ ayò 48 nínú ilé tí ọmọ kékeré wà? Bàbá Àdùkẹ́, ṣé ọmọkùnrin yẹn ní àbúrò?

Bàbá Àdùkẹ́, Leeds
Ó ní o. Mo rí ìyá rẹ̀ lẹ́nu géètì iléèwé, ọmọ kan wà nínú kẹ̀kẹ́. Kò tíì rìn.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Manchester
Ó yá. Ẹ kúrò lórí ayò, ẹ kúrò lórí Lego wẹ́wẹ́. Ọmọ tó ń rá ló máa kọ́kọ́ rí èyí tó bọ́ sábẹ́ àga, torí ilẹ̀ ló ń wò. Àwọn nǹkan ìṣeré kékeré tí òòfà (mágínẹ́ẹ̀tì) lílágbára wà nínú wọn burú ju gbogbo rẹ̀ lọ. Tí ọmọ bá gbé méjì mì, wọ́n á fa ara wọn mọ́ra nínú ìfun, wọ́n á dá ihò sí ìfun náà.

Tíṣà Yorùbá, Birmingham
Mo gbà. Ẹ máa fún ọmọ tiyín ní ayò nígbà tí àbúrò rẹ̀ bá dàgbà.

Alhaja, Croydon
Ti ọmọ ọ̀rẹ́ ilé ìwé lẹ ń sọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yín ńkọ́, tí nǹkan ìṣeré ti kún yàrá wọn dé àjà? Èmi kì í ra tọ́ì fún wọn mọ́. Junior ISA, àpò ìfowópamọ́ ọmọdé, ni mo ń sanwó sí. Òbí ló máa ṣí i, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ló lè fi owó sí i, kò sì sẹ́ni tó lè yọ ọ́ títí ọmọ á fi pé ọdún 18. Àwọn ará ilé míì ń ra Premium Bonds (owó tí èèyàn fi pamọ́ sọ́dọ̀ ìjọba, tí wọ́n ń ṣẹ́ ìbò ẹ̀bùn owó lórí rẹ̀), £25 ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Lójú tèmi ó jọ tẹ́tẹ́, mi ò bá wọn ṣe é. Kóńkólóyo ẹ̀bùn kan ṣì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e o, kí ọmọ lè rí nǹkan tú. Ọmọ ọdún mẹ́ta ò mọ ISA.

Ìyá Ìbejì, Peckham
Ẹlòmíràn tó bá fẹ́ di ẹ̀bùn fún àwọn ọmọ tó wá síbi páàtì tiẹ̀: ẹ má fi kúlíkúlí sí i. Tàbí dọ́ńkùwà. Ẹ̀pà tó ń dùn mọ́ wa lẹ́nu lè wú ọmọ ẹlòmíì lọ́fun. Mo ti ṣe é rí. Wọ́n dá gbogbo rẹ̀ padà fún mi.

Bàbá Àdùkẹ́, Leeds
Ẹ káàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi o. A lọ, a dé. Ìwé dáínásọ̀ kan àti ṣọ́ọ̀kì gbàǹgbà tí wọ́n fi ń yàwòrán sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níta la rà, gbogbo rẹ̀ £9. A ki rìsíìtì bọ káàdì. Àbúrò náà lọ, £4 ni mo san fún un. Lóòótọ́ ni wọn ò tú nǹkan kan. Ẹ ṣeun púpọ̀.

Wọ́n fún Àdùkẹ́ ní báàgì nígbà tí à ń bọ̀: kéèkì, bàlúùnù mẹ́ta, bọ́ọ̀lù kékeré kan tó ń ta pọ́ún-pọ́ún. Mo mú páálí tíṣù, mo ju bọ́ọ̀lù sí i, ó já gba ìsàlẹ̀ jáde. Mo ti fi pa mọ́ sórí fìríìjì. Àdùkẹ́ ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti àná.