Alùpùpù àtijọ́ tó ń kú bó bá ti gbóná: ṣé kọndẹ́ńsà ni àbí kọ́ìlì?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ ọwọ́ alùpùpù àtijọ́. Onísílíńdà kan ni èyí tí èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi ń tún tò, kọ́ńtáàtì (irin kékeré méjì tó ń pàdé, tó sì ń yà) ló fi ń taná. Bó bá tutù, ìtapá kan péré ló fi ń jí. Bó bá gbóná tán, á máa húkọ́, á kú, kò sì ní jí mọ́ àfi tó bá tutù.

Lásìkò yẹn, iná púlọ́ọ̀gì máa ń pọ́n, kì í lágbára. Iná ń ṣẹ́ yọ gan-an lẹ́nu kọ́ńtáàtì, ẹnu rẹ̀ sì ti ń jó dúdú. Ìdí nìyẹn tí mo fi fura sí kọndẹ́ńsà (èyí tí kì í jẹ́ kí iná ṣẹ́ lẹ́nu kọ́ńtáàtì) ju kọ́ìlì (èyí tó ń sọ iná di alágbára fún púlọ́ọ̀gì) lọ.

Àlàfo kọ́ńtáàtì jẹ́ 0.35 mm, ti púlọ́ọ̀gì 0.6 mm. A ti fọ kábúrétọ̀. A ṣí ìdérí táǹkì sílẹ̀, kò yàtọ̀. A wọn àlàfo fálífù nígbà tó tutù, ó pé.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kọndẹ́ńsà 0.22 µF ti mọ́tò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀, bí a bá so ó síta, jìnnà sí ooru ẹ́ńjìnnì? Báwo ni a sì ṣe lè dán kọ́ìlì wò nígbà tó ṣì gbóná, kí a má baà ra tuntun lásán?