Báwo ni mo ṣe lè tọ́jú ẹ̀dà àwọn fáìlì mi nílé kí wọ́n má bàa ṣègbé?

Ọmọ Ìjọ̀kà, Àkúrẹ́

Ẹ kú ilé, ẹ̀yin ará mi. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, iná wá, ó lọ, ó tún wá, láàárín wákàtí kan péré, láti ìgbà náà ni kọ̀ǹpútà alágbèéká mi sì ti kọ̀ tí kò tàn mọ́. Ẹni tí ó ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe yọ hard disk inú rẹ̀, ó fún un ní iná, ó sì ní kí n gbọ́ ọ: ó ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́, ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Inú rẹ̀ ni ohùn ìyá mi wà, níbi tí wọ́n ti ń ki oríkì ìdílé wa, tí mo gbà sílẹ̀ kí wọ́n tó papò dà. Ọpẹ́ ni pé ó rí èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ fà yọ, ṣùgbọ́n ojú mi rí màbo.

Mo ti ra hard disk mìíràn báyìí, èyí tí a ń so mọ́ kọ̀ǹpútà láti ìta. Ṣé ó tó kí n kó gbogbo rẹ̀ sínú èyí, kí n sì máa gbé e sínú àpò kọ̀ǹpútà mi? Bí dátà ṣe wọ́n tó yìí, ṣé ó tún yẹ kí n kó wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Ará Alágbàká

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè ìyá, Ọlọ́run yóò tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbé méjèèjì sínú àpò kan náà, nítorí olè tí ó bá gbé àpò náà ti gbé fáìlì àti ẹ̀dà rẹ̀ lọ. Ìlànà tí mo ń tẹ̀ lé, tí ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan, Peter Krogh, sọ di mímọ̀, ni pé kí ẹ̀dà jẹ́ 3, kí wọ́n wà lórí irúfẹ́ ohun ìpamọ́ 2, kí 1 nínú wọn sì wà níbòmíràn tí kì í ṣe ilé yín.

Ẹ má sì fi hard disk náà sílẹ̀ lára kọ̀ǹpútà tọ̀sán-tòru. Nígbà tí WannaCry, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan, jà káàkiri ayé ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, ṣe ni ó ń ti fáìlì pa mọ́ àwọn tí ó ni wọ́n, tí ó sì ń béèrè owó kí ó tó ṣí i, kò sì dá hard disk tí wọ́n so mọ́ kọ̀ǹpútà sí. Ẹ so ó mọ́ ọn, ẹ kó fáìlì wọlé, ẹ tẹ Eject, ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Kí bátìrì kún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí iná tí ó bá lọ nígbà tí fáìlì ń wọlé lè bà á jẹ́.

Bí Windows ni ẹ ń lò, File History lè máa bá yín ṣe ẹ̀dà ohun tí ó bá yí padà. Time Machine ni ti Mac.

Ìyá Ìbejì, Ìjàpọ̀

Òótọ́ ni ẹni tí ó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi sọ, àmọ́ lójú tèmi, ohùn ìyá kọ́ ló yẹ kí èèyàn máa ṣírò dátà sí. Wákàtí kan ohùn tí a gbà sílẹ̀ ní MP3, ní 128 kbps (ìwọ̀n dátà tí ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan ń gbà), kò tó 60 MB. Bí ó bá tó ọgọ́rùn-ún wákàtí, kò ní kọjá 6 GB, Google Drive, ibi ìpamọ́ fáìlì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, sì ń fún ẹnikẹ́ni ní 15 GB lọ́fẹ̀ẹ́, tí Gmail àti fọ́tò jọ ń pín. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni ẹ máa gbé e lọ. Fíìmù lè dúró sílé, ohun tí a kò lè rí rà mọ́ ni kí ó lọ.

Ẹ̀rù kan ni mo fẹ́ kí ẹ máa bà: bí fóódà bá wà ní ìsopọ̀ pẹ̀lú Drive, ohun tí ẹ bá pa rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà yóò pa rẹ́ lọ́hùn-ún pẹ̀lú, ọgbọ̀n ọjọ́ péré ni ó sì ń lò nínú Trash. Nítorí náà, hard disk yín kò di aláìwúlò.

Ọmọ Oǹdó

Ẹ yẹ ẹ̀dà wò o! Mo ra fláàṣì kan tí wọ́n kọ 2 TB sí lára, owó rẹ̀ kò pọ̀, mo sì kó àwòrán ìgbéyàwó wa sínú rẹ̀. Orúkọ gbogbo fáìlì náà ń hàn, iye wọn pé, ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ èyíkéyìí lẹ́yìn bí ogójì àkọ́kọ́, ojú dúdú ni mo ń rí. Ayédèrú ni, àyè inú rẹ̀ kò tó ìdá kékeré nínú ohun tí ó ń pe ara rẹ̀. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tí ń jẹ́ H2testw, tí wọ́n ṣe ní Jámánì, tí ó máa ń kọ nǹkan kún fláàṣì tàbí hard disk, tí yóò sì tún kà á padà láti mọ̀ bóyá ó pé. Ẹ lò ó kí ohunkóhun tó wọ inú èyí tí ẹ rà yẹn.

Ọmọ Ìjọ̀kà, Àkúrẹ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. H2testw ṣiṣẹ́ láti alẹ́ títí di àárọ̀, àyè inú hard disk náà sì pé. Mo ti gbé ohùn ìyá mi sórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì ń ra hard disk kejì tí yóò máa gbé lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Oǹdó. Ní àná, mo ní kí ó ṣí ọ̀kan nínú àwọn fáìlì náà lórí fóònù rẹ̀ nígbà tí a jọ ń sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ tí ìyá wa ń ki í, òun náà kò sì lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.