Ọjọ́ tí a mú Màmá lọ sí ìpàtẹ àgbẹ̀ ní Gaithersburg

Ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá tí a ń gbé ní ìpínlẹ̀ Maryland ni ó mọ̀ pé ìpàtẹ àgbẹ̀ máa ń wáyé ní Gaithersburg ní oṣù kẹjọ ọdọọdún, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa rẹ̀ kì í ju ti kẹ̀kẹ́ ńlá tí ń gbé ènìyàn yí lókè àti iná aláràbarà tí a ń rí láti ojú títì lọ. Ìrírí tí mo fẹ́ sọ dá lórí apá kejì ìpàtẹ náà: àwọn ilé ẹran, ìdíje àwọn ọmọdé tí ń sin ẹran, àti gbàǹjo tí wọ́n fi ń tà á. Ibẹ̀ ni ìdílé wa ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ náà, ibẹ̀ náà ni mo sì ń bẹ gbogbo òbí pé kí wọ́n kọ́kọ́ kó ọmọ wọn lọ, kí ojú wọn tó kan ibi eré.

Ọdún 1949 ni ìpàtẹ yìí bẹ̀rẹ̀, ti Montgomery County ni, ìyẹn kọ́ńtì (bí ìjọba ìbílẹ̀) tí Gaithersburg wà nínú rẹ̀, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n sì máa ń fi ṣe é. Ó lè ya àlejò lẹ́nu pé àgbẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ rárá, nítorí pé kọ́ńtì náà fara kan Washington gan-an, ilé sì ti kún un. Ohun tí ó fà á ni pé ní 1980 àwọn aláṣẹ kọ́ńtì náà ya ilẹ̀ tí ó tó 93,000 éékà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ọ̀gbìn, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ilẹ̀ wọn, wọ́n sì ṣòfin pé ilé kan péré ni ènìyàn lè kọ́ sórí éékà 25 níbẹ̀. Mo ka ìpinnu yẹn sí ọgbọ́n ńlá. Nígbà tí mo bá rántí bí ilé ṣe ti gba oko lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ láti Ìbàdàn títí dé Ṣágámù, ó máa ń wù mí pé kí àwọn aláṣẹ tiwa náà yẹ irú òfin bẹ́ẹ̀ wò.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, màmá mi wá kí wa láti Ìkirè. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni ó ti ń sin ewúrẹ́, òun ni ó sì fi owó ewúrẹ́ ra ìwé fún èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí a wà ní iléèwé. Ìsinmi ìgbà ooru ni, àwọn ọmọ wà nílé, baálé mi sì gba àyè níbi iṣẹ́. A tètè jáde ní òwúrọ̀, nítorí pé tí oòrùn oṣù kẹjọ bá ti là tán ní agbègbè yìí, àti ènìyàn àti ẹran ni ó máa ń rẹ̀, ẹran tí ó ti rẹ̀ kò sì ní ohun tí yóò fi han ọmọdé ju pé kí ó dùbúlẹ̀ lọ.

A ti kọjá lọ́dọ̀ àwọn màlúù Holstein, àwọn dúdú-òun-funfun tí gíga wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti baálé mi, a sì ti dé ilé àwọn ewúrẹ́, kí Màmá tó dúró lójijì. Ó nawọ́ sí ewúrẹ́ kúkúrú kan tí ó ní funfun níwájú orí, ó ní, “Ṣé kì í ṣe ẹran ilé wa nìyí?” Mo gbójú sókè wo pátákó tí wọ́n gbé kọ́ síbẹ̀, mo sì rí i pé “Nigerian Dwarf” ni wọ́n kọ sí i.

Ẹran ilé wa ni lóòótọ́. Láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti kó àwọn baba ńlá rẹ̀ wá sí Amẹ́ríkà ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, tí wọ́n sì kọ́kọ́ ń sìn wọ́n nínú ọgbà ẹranko fún ìwòran. Àwọn àgbẹ̀ wá ṣàkíyèsí pé wàrà wọn dára, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èyí tí ó ní wàrà jù fún bíbí, títí tí ẹgbẹ́ àwọn tí ń sin ewúrẹ́ oníwàrà ní Amẹ́ríkà fi gbà á wọlé sínú ìwé wọn ní 2005. Òfin wọn ni pé abo kò gbọdọ̀ ga ju ínǹṣì 22 àti ààbọ̀ lọ ní èjìká, òbúkọ kò sì gbọdọ̀ ju 23 àti ààbọ̀ lọ. Ewúrẹ́ tí ń rìn káàkiri àdúgbò ní Ìkirè kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí, àfi pé ara èyí ń dán, ọmú rẹ̀ sì tóbi ju ohun tí ojú Màmá ti rí rí.

Ọmọbìnrin tí ó ni ẹran náà kò lè ju ọmọ ọdún méjìlá lọ. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn koríko kúrò lára ewúrẹ́ rẹ̀. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè ọ̀rọ̀, ọmọ mi àgbà sì di ògbufọ̀ láàrin wọn. Kí ni ó ń jẹ? Koríko gbígbẹ, ọkà àti iyọ̀ ẹran. Màmá ní tilé ń jẹ èèpo iṣu àti èèpo ẹ̀gẹ́ tí a ti sá. Mélòó ni ó bí? Ìbejì ni. Lórí pé oṣù márùn-ún ni oyún rẹ̀, ẹnu àwọn méjèèjì kò. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá wọ Màmá lára ni ìgbà tí ọmọ náà sọ pé òun máa ń fún wàrà rẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí pé ní ọ̀dọ̀ wa, àwọn Fúlàní ni a mọ̀ mọ́ wàrà, ti màlúù sì ni. Màmá béèrè pé, “Kí wá ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń mu?” Ọmọ náà kò fi ojú yẹpẹrẹ wo ìbéèrè yẹn. Ó ṣàlàyé pé òun kì í fún un rárá nígbà tí àwọn ọmọ ẹran náà ṣì kéré gan-an. Bí wọ́n bá ti lágbára díẹ̀ ni òun ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ní alẹ́, tí òun ń fún wàrà ìyá wọn ní òwúrọ̀, tí òun yóò sì dá wọn padà sọ́dọ̀ rẹ̀ kí wọ́n máa mu títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Màmá ronú díẹ̀, ó ní ìdájọ́ òdodo ni.

Irú ewúrẹ́ yìí lè fúnni ní wàrà lítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́, ọ̀rá inú rẹ̀ sì máa ń tó ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ti màlúù Holstein wà ní nǹkan bí mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ṣe wàràkàṣì àti ọṣẹ.

Lẹ́yìn náà ni ọmọ náà mú káàdì kan jáde tí wọ́n ya oríṣiríṣi àwọ̀ sí, láti pupa dé funfun. Ó fi àtàǹpàkò rọra ṣí ìpéǹpéjú ewúrẹ́ náà nísàlẹ̀, ó sì fi inú rẹ̀ wé àwọ̀ ara káàdì. Bí ibẹ̀ bá pupa, ẹ̀jẹ̀ ẹran náà pé. Bí ó bá ti ń funfun, aràn tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ti wọ ikùn rẹ̀, ó sì nílò oògùn. Gúúsù Áfíríkà ni àwọn onímọ̀ ti ṣe ọ̀nà àyẹ̀wò yìí jáde. Màmá ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà wò ó. Ó wo ojú ewúrẹ́ náà, ó wo káàdì, ó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé, ó sì ní kí n wá irú káàdì bẹ́ẹ̀ fún òun mú lọ sílé. Ó wá sọ fún àwọn ọmọ mi pé, “Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, ẹni bá rìn jìnnà á rí abuké erin.”

Nígbà tí ó di ọ̀sán, a jókòó wo ìdíje àwọn ọmọdé. Ẹgbẹ́ 4-H ni ó ni ín, ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ tí a lè tọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dé Clark County ní ìpínlẹ̀ Ohio ní 1902, tí àwọn yunifásítì ìjọba sì ń bójú tó jákèjádò Amẹ́ríkà lónìí. Nínú ìdíje tí a wò, kì í ṣe ẹwà ẹran ni adájọ́ ń wò bí kò ṣe ọwọ́ tí ọmọ fi ń darí rẹ̀. Ọmọ kò gbọdọ̀ mú ojú kúrò lára adájọ́, kò gbọdọ̀ dúró sí àárín adájọ́ àti ẹran, ó sì gbọ́dọ̀ lè dáhùn bí wọ́n bá bi í ní ohun tí ẹran rẹ̀ ń jẹ tàbí orúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀ kan. Nígbà mìíràn adájọ́ á ní kí àwọn ọmọ méjì gba ẹran ara wọn, kí ó lè mọ̀ bóyá ọmọ ni ó mọ iṣẹ́ ni tàbí ẹran ni ó tutù. Rìbọ́ọ̀nù búlúù ni ti ipò kìíní, pupa ni ti ipò kejì. Kí ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù má ṣe jẹ́ kó dà yín rú, nítorí pé òdìkejì èyí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò.

Gbàǹjo ni ó le fún àwọn ọmọ mi. Àwọn ọmọdé tí wọ́n ti bọ́ àgùntàn fún oṣù púpọ̀ fà á wọ àárín agbo, onígbàǹjo ń pe owó láìmí, àwọn oníṣòwò agbègbè ń nawọ́ sókè. Àwọn olùrà mọ̀ọ́mọ̀ ń san ju iye ọjà lọ kí ọmọ náà lè rí owó fi pamọ́ fún ẹ̀kọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ẹran pípa ni wọ́n ń tà, àwọn ọmọ náà sì mọ̀. Ọmọkùnrin kan dì mọ́ ọrùn àgùntàn rẹ̀, ó ń sunkún, kò sì sí ẹni tí ó bá a wí. Àbíkẹ́yìn mi béèrè ìdí tí wọn kò fi jẹ́ kí ó mú un lọ sílé. Màmá ni ó dá a lóhùn: ó rán an létí àgbò Iléyá tí èmi fúnra mi ń fi ewé bọ́ nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo sì sunkún lé lórí, ó ní ẹni tí ó bọ́ ẹran dáadáa tí ó sì sunkún fún un ti ṣe ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún ẹran náà. Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́, mo sì rò pé ó sàn kí ọmọ rí ibi tí ẹran ti ń wá ju kí ó máa rí i nínú ọ̀rá ní ilé ìtajà nìkan.

Oúnjẹ kò gba àkókò wa púpọ̀. Mùsùlùmí ni wá, ẹlẹ́dẹ̀ sì pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà, nítorí náà a jẹ àgbàdo sísun, a sì ra fọ́nẹ́ẹ̀lì kéèkì fún àwọn ọmọ, ìyẹfun pípò tí wọ́n ń dà sínú òróró gbígbóná láti inú àrọ, tí wọ́n sì ń bu ṣúgà lẹ́búlẹ́bú sí. Wọ́n gun kẹ̀kẹ́ ńlá lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ́ wọn lọ́rùn.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Ní 2012, ó lé ní 300 ènìyàn ní Amẹ́ríkà tí wọ́n kó irú àrùn fúlù kan láti ara ẹlẹ́dẹ̀, ọmọdé tí ó lọ sí irú ìpàtẹ báyìí ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ ìlera fi ń kìlọ̀ pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, aláboyún, ẹni tí ó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ àti ẹni tí ó ní àrùn ikọ́ fée má ṣe wọ ilé ẹlẹ́dẹ̀. Màmá kò wọ ibẹ̀. Ẹ má mú oúnjẹ wọ inú ilé ẹran kankan, ẹ sì fi omi àti ọṣẹ fọ ọwọ́ àwọn ọmọ bí ẹ bá ti ń jáde.

Ọmọ mi àgbà ti forúkọ sílẹ̀ ní 4-H báyìí. Láti ọmọ ọdún márùn-ún ni wọ́n ti ń gbà wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ díje gbọ́dọ̀ pé ọdún mẹ́jọ, wọn kì í sì í kọjá méjìdínlógún. Ọ́fíìsì University of Maryland Extension, ẹ̀ka yunifásítì náà tí ń bójú tó 4-H ní ìpínlẹ̀ wa, ni ènìyàn yóò lọ, kò sì di dandan kí ẹ ní ilẹ̀. Àdúgbò wa kò fàyè gba ẹran sísìn, nítorí náà a yá ewúrẹ́ kan lọ́dọ̀ àgbẹ̀ kan ní apá Poolesville, ibẹ̀ ni ọmọ náà sì ti ń lọ bọ́ ọ tí ó ń fọ ilé rẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀. Irú ti Ìkirè ni ó yàn. Màmá ti ní kí a bá òun béèrè iye tí ọkọ̀ òfuurufú yóò gbà ní oṣù kẹjọ tí ń bọ̀.