Owó ìwádìí wo ni nọ́ọ̀sì tí kò sí ní yunifásítì lè tọrọ?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Nọ́ọ̀sì ni mí nílé ìwòsàn ìjọba ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Mo ní máásítà, mi ò tíì ní PhD. Egbò ọrùn ẹsẹ̀ tí kì í tètè jiná lára àwọn tó ní fòníkú-fọ̀ladìde ni mo fẹ́ ṣèwádìí lé lórí. Tí a bá fẹ́ wẹ egbò yìí, gọ́ọ̀sì á ti lẹ̀ mọ́ ọn. Omi iyọ̀ la fi ń rẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, aláìsàn á sì di etí bẹ́ẹ̀dì mú gírígírí. Àwọn mìíràn ti ń gbé e kiri láti ilé ẹ̀kọ́ girama. Ó ń dùn mí gan-an.

Owó gan-an ni ìṣòro. Ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba ni TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń fowó ti ẹ̀kọ́ lẹ́yìn, wà fún. CARTA, ẹgbẹ́ tó ń ran àwọn tó ń ṣe PhD lọ́wọ́ ní Áfíríkà, ń wo àwọn òṣìṣẹ́ ibi tó wà nínú ẹgbẹ́ wọn, irú Yunifásítì Ìbàdàn àti OAU. Èyí tí Fogarty, ẹ̀ka kan ní NIH, iléeṣẹ́ ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà, ń fún àwọn olùwádìí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè bọ̀, àfi ẹni tó ti gboyè dókítà.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé owó kékeré wà fún ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn bíi tèmi? Àbí kí n lọ bá olùkọ́ yunifásítì kan kí a jọ kọ̀wé tọrọ owó? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, àdéhùn wo ló yẹ kí a kọ sílẹ̀ kí orúkọ mi má baà pòórá nínú iṣẹ́ náà? Ṣé kí n sì ti gbàṣẹ ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìlànà ìwádìí wò nílé iṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀ kí n tó tọrọ owó ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀?