Oògùn pioglitazone: ẹsẹ̀ màmá mi ń wú

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Àtọ̀gbẹ ń ṣe màmá mi ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn níbí. Dókítà fi pioglitazone 30 mg kún metformin wọn. Apòògùn kan ní Dùgbẹ̀ ṣàlàyé pé ṣe ló ń ta purotéènì PPAR-gamma inú sẹ́ẹ̀lì jí, èyí tó ń pàṣẹ fún àwọn jíìnì, kí ara lè máa gbọ́ràn sí ínsúlíìnì (èròjà ara tó ń mú ṣúgà wálẹ̀) lẹ́nu. Ṣúgà wọn wálẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọrùn ẹsẹ̀ wọn ti wú, bàtà ò wọlé mọ́. Mo kà á pé ó lè mú kí omi dúró sára, kí ó sì ni ọkàn lára. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Ọ̀la la máa rí dókítà. Ẹni tí irú rẹ̀ ti ṣe ìyá tàbí bàbá rẹ̀ rí, ṣé wọ́n dín in kù sí 15 mg ni, àbí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀? Àyẹ̀wò ọkàn wo ni kí n ní kí wọ́n ṣe fún wọn?