Kí ló dé tí Aelita fi dá ìtàn dúró láàárín ọ̀nà? (ìwé ìrìnàjò sí Máàsì ti Rọ́ṣíà)

Adákẹ́kàwé:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ibí. Mo ń ka Aelita lọ́wọ́, èyí tí Aleksei Tolstoy kọ tó jáde ní 1922 sí 1923 (kì í ṣe Leo Tolstoy àgbà o, orúkọ ló pa wọ́n pọ̀). Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ gbà mí lọ́kàn gan-an. Ẹnjiníà kan ní Petrograd tó ń jẹ́ Los kan ọkọ̀ òfuurufú sínú àgbàlá, ó lẹ bébà mọ́ ògiri pé ẹni tó bá fẹ́ bá òun lọ sí Máàsì kó wá rí òun láàárín aago mẹ́fà sí mẹ́jọ alẹ́, sójà kan, Gusev, ló jẹ́ ìpè, ó di gbéra. Kí n tó mọ̀, wọ́n ti dé! Ìrìnàjò wákàtí díẹ̀ péré. Èmi tí mo ti múra àtibá wọn gbé inú ọkọ̀ yẹn pẹ́, kí n mọ bí wọ́n ṣe ń jẹun, bí wọ́n ṣe ń sùn, bí ẹ̀rù ṣe ń bà wọ́n. Wọ́n wá dé ọ̀hún, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ni ọmọbìnrin Máàsì yẹn, Aelita fúnra ẹ̀, bá jókòó tó ń pìtàn Atlantis, ilẹ̀ tó rì sómi láyé àtijọ́, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan o, ẹ̀ẹ̀mejì! Gbogbo nǹkan dúró. Ṣé bí àwọn ará Rọ́ṣíà ṣe ń kọ irú ìwé yìí nìyẹn àbí òǹkọ̀wé yìí nìkan ni? Mi ò bú ìwé náà, mo fẹ́ràn ẹ̀, mo kàn fẹ́ mọ bóyá kí n fo ibi ìtàn Atlantis yẹn ni.

Ojú_Ìràwọ̀:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fò ó o! Ibi tí ẹ fẹ́ fò yẹn ni gbòǹgbò ìwé náà wà. Ẹ tún ìtàn Aelita kà ní sùúrù: ó ní àwọn ará Atlantis sá kúrò ní Ayé nígbà tí ilẹ̀ wọn ń rì, wọ́n wọ ọkọ̀ bàbà tó rí bí ẹyin, 40 ọjọ́ ni wọ́n fi ń já bọ́ sórí Máàsì, àwọn tó bá wọn níbẹ̀ sì ń pè wọ́n ní Ọmọ Ọ̀run. Ó yá, ẹ padà sí orí tí Los ti ń fi ọkọ̀ tiẹ̀ han èèyàn ní Petrograd. Báwo ló ṣe rí? Ẹyin! Los rò pé òun lẹni àkọ́kọ́, àmọ́ lójú àwọn ará Máàsì, nǹkan tó ti ṣẹlẹ̀ sáwọn baba ńlá wọn ló tún ń padà bọ̀. Ìdí nìyẹn tí Tuskub tó jẹ́ bàbá Aelita, tó tún jẹ́ olórí ibẹ̀, kò fi fẹ́ kí Los àti Gusev wà láàyè. Tí ẹ bá yọ ìtàn àtijọ́ yẹn kúrò, ìkà lásán ni Tuskub máa jẹ́, kò ní sí ìdí kankan fún ẹ̀rù tó ń bà á.

Nǹkan míì tó wù mí ni bí Tolstoy ṣe tọ́jú ọ̀rọ̀ èdè. Nínú irú ìwé yìí, ó di dandan kí òǹkọ̀wé wá ọgbọ́n kan dá tí àlejò á fi gbọ́ èdè onílé, ọ̀pọ̀ wọn a sì fi gbólóhùn kan kọjá lórí ẹ̀. Tolstoy ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní Aelita tẹ́ ọwọ́, bọ́ọ̀lù ìkùukùu kékeré kan wà lókè àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀, nǹkan ń hàn nínú ẹ̀, Aelita á dárúkọ nǹkan náà, Los àti Gusev á sì pè é tẹ̀ lé e. Ayé ń jẹ́ Talcetl, Máàsì ń jẹ́ Tuma. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ èdè yẹn náà ni Los ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ọmọbìnrin náà ju bọ́ọ̀lù lọ. Ẹ̀kọ́ èdè ló ṣílẹ̀kùn ìfẹ́, òun náà ló tún jẹ́ kí etí wọn lè gbọ́ ìtàn gígùn tó ń bọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kò dá nǹkan kan dúró.

Bàbá Onísẹ́ẹ̀fù:
Àbúrò mi Adákẹ́kàwé, ìwọ tí o ní Aelita dúró, o ò tíì rí ìdúró. Lọ ka Ìràwọ̀ Pupa, ìwé Máàsì míì tí Bogdanov ará Rọ́ṣíà kọ ní 1908. Ó fi ṣe bíi pé dókítà kan tó ń jẹ́ Werner ló fi ìwé àfọwọ́kọ ránṣẹ́, ìwé tí Leonid tó lọ sí Máàsì fọwọ́ ara ẹ̀ kọ. Ẹnu ẹni tó lọ la ti ń gbọ́ ọ, kì í ṣe bíi ti Tolstoy tó dúró sẹ́yìn ìtàn tó ń sọ ti Los lónìí ti Gusev lọ́la. Leonid yìí wà lára àwọn tó ń jà fún àyípadà ní Rọ́ṣíà láyé rògbòdìyàn 1905, àwọn ará Máàsì ló wá mú un, wọ́n dé ọ̀hún, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú un yíká: ilé iṣẹ́ rèé, ilé àwọn ọmọdé rèé, ibi tí wọ́n ń kó iṣẹ́ ọnà sí rèé, ọsibítù rèé níbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ láàárín ara wọn kí ẹ̀mí lè gùn. Ibi tí wọ́n bá ti dé, ẹnì kan á dúró á ṣàlàyé. Ó gùn!

Àmọ́ ìyíkáàkiri yẹn ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó mú ká fọkàn tán àwọn èèyàn náà pátápátá, ká rò pé wọn ò lè ṣe ibi láéláé, kí Leonid tó wá gbọ́ pé ọ̀kan nínú wọn, Sterni, ti dábàá ní ìpàdé pé kí wọ́n pa aráyé run kí wọ́n lè rí ilẹ̀ gbà. Leonid pa Sterni. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá dé ibẹ̀, àyà mi máa ń já, bẹ́ẹ̀ mo mọ ohun tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yẹn náà kì í ṣàwàdà lọ́dọ̀ Bogdanov, dókítà ni, ó dá ilé ìwádìí ìfàjẹ̀sínilára sílẹ̀ ní Moscow ní 1926, ẹ̀jẹ̀ tí òun àti akẹ́kọ̀ọ́ kan pààrọ̀ ló sì pa á ní 1928.

Ní ti oúnjẹ àti oorun tí o ń béèrè, Tsiolkovsky lo máa kà, olùkọ́ tó ṣe ìṣirò rọ́kẹ́ẹ̀tì ní 1903 yẹn. Ìwé ìtàn ẹ̀ Òde Ayé jáde lódindi ní 1920. Kò síjà, kò sífẹ̀ẹ́, ó sọ àwọn èèyàn inú ẹ̀ ní Newton, Galileo, Franklin, ó sì ń fẹ̀sọ̀ sọ bí wọ́n ṣe dùbúlẹ̀ sínú omi kí agbára ìgbéra má baà fọ́ wọn, bí wọ́n ṣe ń léfòó, bí wọ́n ṣe ń gbin nǹkan jẹ. Èmi gbádùn ẹ̀ o, ṣùgbọ́n bí ẹni jókòó ní kíláàsì ni.

Ìyálíbìrì:
Ẹ kú àlàyé sà. Ẹ jẹ́ n fi ọ̀rọ̀ bébà ara ògiri yẹn kún un torí ó dùn mọ́ mi jù. Nígbà tí Los ń wá ẹni tó máa bá a lọ, ó kan lẹ bébà mọ́ ògiri ilé àwókù, ní ìlú tí ogun àti ebi ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lórí ẹ̀, ọmọbìnrin tó dúró kà á ò wọ bàtà. Akọ̀ròyìn Amẹ́ríkà kan rí i, ó rò pé orí Los ti yí. Ìyẹn ni Tolstoy fi ń múra wa sílẹ̀: ní ìlú tí gbogbo nǹkan ti dojú dé, kí ló kù tí èèyàn ò lè dáwọ́ lé?

Ẹ tún wo àwọn méjèèjì tó lọ. Ìyàwó Los ti kú, ọ̀fọ̀ ló ń sá fún. Gusev ti jagun títí, ó dá ìjọba mẹ́rin sílẹ̀, ó wálé, jíjókòó sú u. Òǹkọ̀wé míì ì bá fi gbogbo ẹ̀ sínú ẹnì kan. Bó ṣe pín in sí méjì yìí, ìwé kan náà gba ìfẹ́, ó tún gba ọ̀tẹ̀, Los ń wo ojú Aelita, Gusev ń kó òṣìṣẹ́ Máàsì jọ láti ṣọ̀tẹ̀ sí Tuskub.

Adákẹ́kàwé:
Ẹ ṣé gan-an ni o, mo ti padà lọ wo ọ̀rọ̀ ẹyin yẹn, lóòótọ́ ni! Ìbéèrè kan ló kù: ṣé kì í ṣe pé ọ̀tẹ̀ Gusev yẹn ni wọ́n ki bọ ìwé náà kí ìjọba ìgbà yẹn lè gbà á wọlé? Ó ní kí wọ́n so Máàsì pọ̀ mọ́ Rọ́ṣíà!

Ìyálíbìrì:
Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀, torí ọ̀tẹ̀ náà ò yọrí sí rere. Ká ní ìpolongo lásán ni, Gusev ì bá borí. Tuskub ló borí o, Los àti Gusev sá padà sí Ayé, Aelita kù sẹ́yìn, ohùn ẹ̀ nìkan la gbọ́ lórí rédíò níparí tó ń béèrè ibi tí Los wà. Fíìmù Aelita tí Protazanov ṣe ní 1924 ló ní àlá ni Los lá, mi ò fara mọ́ ìyẹn rárá, àlá máa ń gba ìyà ìtàn náà kúrò lára èèyàn. Nínú ìwé, obìnrin yẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́, kò sì sẹ́ni tó lè lọ mú un wá. Ẹ kà á tán, kí ẹ wá sọ fún wa bóyá ẹ ṣì rò pé Gusev ló ba ìwé náà jẹ́.