Ṣé ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn máa dá mi padà torí pé community college (CC, kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì) ni mo ti ka kọ́ọ̀sì sáyẹ́ǹsì mi?

IrawoOru
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i. Mo ti gba dìgírì nínú akáwúntìn ní yunifásítì ìpínlẹ̀ kan níbí ní Amẹ́ríkà, ó ti tó ọdún mẹ́fà, GPA mi (ìpíndọ́gba gírẹ́dì) jẹ́ 3.1 nínú 4, mi ò sì ṣe sáyẹ́ǹsì kankan nígbà yẹn. CNA, olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ni mò ń ṣe báyìí nílé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, iṣẹ́ alẹ́. Lóru ọjọ́ kan bàbá kan tí mò ń tọ́jú ò lè mí dáadáa mọ́, nọ́ọ̀sì ti sáré lọ pe dókítà lórí fóònù, èmi di bàbá lọ́wọ́ mú, mò ń wo ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi há wọn níka bí nọ́ńbà ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe ń já wálẹ̀, 91, 88, 86, mi ò sì mọ nǹkan kan nípa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àyà wọn. Wọ́n là á já, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àmọ́ látọjọ́ náà ni iṣẹ́ dókítà ti gbà mí lọ́kàn pátá.

Ohun tí mo ní láti kà pọ̀: báyọ́lọ́jì ọdún kan, kẹ́mísírì ọdún kan, organic chemistry ọdún kan, físíìsì ọdún kan, gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú làábù. CC kan wà nítòsí mi, owó wọn ò tó ìdajì ti yunifásítì, kíláàsì wọn sì bá àkókò iṣẹ́ mi mu. Ọ̀rẹ́ mi kan wá ní tí wọ́n bá ti rí orúkọ CC lára fọ́ọ̀mù mi wọ́n á kàn gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni. Ṣé òótọ́ ni? Mo lọ́mọ kan, mi ò lówó tí mo lè fi ṣòfò. Ẹ má tàn mí o.

EgbonM2
Ọ̀rẹ́ yín ò parọ́ tán, kò sì sọ òótọ́ tán. Mo wà lọ́dún kejì nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn báyìí, CC ni mo ti ka kẹ́mísírì méjèèjì àti físíìsì méjèèjì. Ilé ìwé mẹ́ta ló pè mí wá fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò, ẹyọ kan péré ló bi mí pé kí ló gbé mi débẹ̀, mo ní wákàtí ogójì ni mò ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, ibẹ̀ ló sì ní kíláàsì alẹ́, wọ́n mi orí, wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ míì.

Ohun tí wọ́n ń wá ni bóyá ẹ lè gbé ẹrù tó wà níwájú. Àwọn ilé ìwé kan wà tí wọ́n kọ ọ́ sójú wẹ́búsáìtì wọn pé yunifásítì ọlọ́dún mẹ́rin làwọn fẹ́, àwọn míì gba CC láìjanpata, torí náà ẹ kọ orúkọ àwọn tẹ́ ẹ fẹ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, MSAR, àkójọ ohun tí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kọ̀ọ̀kan ń béèrè, tí AAMC (ẹgbẹ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn) ń tà máa ràn yín lọ́wọ́, tí owó ò bá sì sí, ẹ béèrè fún Fee Assistance Program wọn, ó ń dín owó MCAT, ìdánwò àbáwọlé ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, kù pẹ̀lú. Àmọ́ ẹ má kó gbogbo sáyẹ́ǹsì yín sí CC. Èmi kó organic àti biochemistry lọ sí yunifásítì. Biochemistry yẹn, ọ̀pọ̀ CC ò tiẹ̀ ní i, bẹ́ẹ̀ òun ló kó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin lápá báyọ́lọ́jì MCAT, ó tún kó bẹ́ẹ̀ náà lápá kẹ́mísírì.

Ẹ múra sí MCAT gan-an. 472 ni ìsàlẹ̀ ẹ̀, 528 lòkè, ìbéèrè 230, ẹ ó jókòó tó wákàtí méje ààbọ̀ pẹ̀lú ìsinmi. MCAT ò bi ẹnikẹ́ni pé níbo lo ti ka ìwé ẹ.

OniLaabu
Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó jẹ mí níyà. Kẹ́mísírì ní CC kì í ṣe oríṣi kan o! Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹni tó yẹ kó tọ́ mi sọ́nà ní èyí tí wọ́n ṣe fáwọn nọ́ọ̀sì àtàwọn òṣìṣẹ́ ìlera ni kí n mú, ó ní ṣebí iṣẹ́ ìlera náà ni mo fẹ́ ṣe. Mo mú un, mo gba A, inú mi dùn. Ọdún kan lẹ́yìn ẹ̀ ni mo tó kà á níbì kan pé èyí táwọn tó ń ka sáyẹ́ǹsì gan-an ń ṣe nìkan ni ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ń gbà. A yẹn wọ GPA mi lóòótọ́, àmọ́ kò dí àlàfo kankan, mo ní láti bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé ìkíní ló ń ṣílẹ̀kùn fún ìkejì, ìkejì fún organic, organic fún biochemistry, ẹ ò lè fo ìkankan. Ọdún kan gbáko ló lọ.

Àmọ́ kíláàsì tí mo tún ṣe yẹn ni mo ti mọ kẹ́mísírì. Àwa méjìdínlógún péré ni. Ọjọ́ tá a ṣe titration, ìyẹn kíkán kẹ́míkà kan díẹ̀díẹ̀ sínú òmíràn títí àwọ̀ ẹ̀ á fi yí padà, mo ti ba tèmi jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó pupa fòò torí mo ṣí burette, túùbù tó ń kán kẹ́míkà, jù, ni olùkọ́ wa bá wá dúró tì mí, wọ́n ní kí n fọwọ́ òsì di ẹnu ẹ̀ mú, kí n máa fọwọ́ ọ̀tún yí ìgò, kí n jẹ́ kó máa kán tó, tó, tó, títí àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú kan fi dúró tí kò lọ mọ́. Àwọn ni wọ́n kọ létà fún mi nígbà tí mo fẹ́ gba fọ́ọ̀mù. Ní yunifásítì tí ọ̀ọ́dúnrún èèyàn ń jókòó sí kíláàsì kan, ta ló máa dá mi mọ̀?

Ẹ ṣọ́ra fún làábù orí íntánẹ́ẹ̀tì náà, kì í ṣe gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ló ń gbà á.

AgbaOru
Àbúrò mi, 3.1 yẹn ló ń kọ mí lóminú ju CC lọ. AMCAS, ibi tá à ń fi fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ránṣẹ́ sí, máa ro gbogbo gírẹ́dì tó o ti gbà láti kọ́lẹ́ẹ̀jì èyíkéyìí pọ̀, tó o bá tún kọ́ọ̀sì kan kà, àtijọ́ àti tuntun ni wọ́n máa kà. AACOMAS táwọn tó fẹ́ ṣe DO (dókítà osteopathic) ń lò máa ń fi tuntun rọ́pò àtijọ́ nígbà kan, àmọ́ wọ́n ti fòpin sí ìyẹn ní 2017. Bó o ṣe wà yìí kò burú náà o, torí wọ́n ń ro báyọ́lọ́jì, kẹ́mísírì, físíìsì àti mátìmátíìkì lọ́tọ̀, ìwọ ò sì tíì ṣe sáyẹ́ǹsì, ojú ìwé ẹ ṣì mọ́. Ohun kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni calculus àti statistics tó o bá ṣe nígbà akáwúntìn.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ ọ́, má kó kọ́ọ̀sì mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà níbi tó o ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́ tó o tún ń tọ́mọ. Mú kẹ́mísírì nìkan ní sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́, tàbí òun àti báyọ́lọ́jì, kò gbọdọ̀ jùyẹn lọ. Mi ò fara mọ́ EgbonM2 lórí ohun kan, tí owó bá lè tó ní ọdún kejì, físíìsì náà ni kó o gbé lọ sí yunifásítì, kí wọ́n rí i pé nígbà tí iṣẹ́ le gírẹ́dì ẹ ò já.

IrawoOru
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo dúpẹ́ gan-an. OniLaabu, mo ka tiyín tán mo sáré ṣí ìwé kọ́ọ̀sì CC wa. Ẹ gbà mí o, kẹ́mísírì tí mo ti fi sínú àkáǹtì mi, tó kù kí n sanwó ẹ̀ lọ́la, tàwọn nọ́ọ̀sì gan-an ni! Mo ti yọ ọ́. Mo mú èyí tó tọ́, òun nìkan ṣoṣo, Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́rú, làábù ẹ̀ jẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, lójúkojú. Ṣé lóòótọ́ lẹ sọ pé ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń di burette mú? Ọlọ́wọ́ òsì ni mí.

OniLaabu
Ẹ fi ọ̀tún dì í mú nìyẹn, kẹ́ ẹ máa fi òsì yí ìgò. Ẹ kàn rọra ṣí i.